Ìtàn Tí Ń Mú Ọmọdé Padà Sí Ayé Àtijọ́

Bí olùkọ́ bá dúró níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, tí ó sì sọ fún wọn pé ní ọdún 1586 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́lá kan tí ń jẹ́ Anthony Babington, nítorí pé ó dìtẹ̀ mọ́ Ọbabìnrin Elizabeth, àwọn ọmọ náà yóò kọ ọ́ sínú ìwé wọn, wọn yóò há a sórí títí di ọjọ́ ìdánwò, lẹ́yìn ìdánwò wọn yóò sì gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bá ti jókòó rí nínú ilé ìdáná ọkùnrin náà, bí ó bá ti jẹ nínú búrẹ́dì tí wọ́n yan níbẹ̀, bí ó bá ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ àti ẹ̀rín àbúrò rẹ̀, tí ó sì mọ ikú tí ń bọ̀ wá pa á nígbà tí òun tìkára rẹ̀ kò mọ̀, kò sí ọjọ́ tí ọmọ náà yóò gbàgbé. Ohun tí ó jẹ́ iye ọdún lásán yóò ti di ọ̀rọ̀ ènìyàn.

Kò sí ẹni tí ó lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn padà sí ọdún 1586. Síbẹ̀ irú ìwé kan wà tí ó ń mú ọmọdé débẹ̀ láì jẹ́ pé ó dìde kúrò lórí àga. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà ti ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Nínú rẹ̀, ọmọ òde òní kan yóò gba ọ̀nà ìyanu kan kọjá sí ayé àwọn tí ó ti kú tipẹ́tipẹ́, yóò bá wọn gbé, yóò bá wọn jẹun, yóò sì padà sí ilé pẹ̀lú ohun tí kò ní tẹ́lẹ̀. Ó dára kí àwọn òbí, àwọn olùkọ́ àti gbogbo ẹni tí ń kàwé fún ọmọdé mọ bí irú ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀, bí ó ti ń ṣiṣẹ́, èrè tí ó wà nínú rẹ̀, àti ibi tí ó yẹ kí a ti ṣọ́ra.

Bí Ọ̀nà Náà Ṣe Là

Ní ọdún 1895, H. G. Wells kọ ìwé kan nípa ọkùnrin tí ó ṣe ẹ̀rọ tí a lè gùn bí ẹní gun kẹ̀kẹ́, tí ẹ̀rọ náà sì gbé e la àwọn ọdún kọjá. Àwọn àgbàlagbà ni ó kọ ọ́ fún, iwájú ni ọkùnrin náà sì lọ, kò padà sí ẹ̀yìn. Ẹni tí ó la ọ̀nà náà fún àwọn ọmọdé ni obìnrin kan tí a ń pè ní Edith Nesbit, tí wọ́n bí ní ọdún 1858, tí ó sì kú ní ọdún 1924. Ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ The Story of the Amulet jáde ní ọdún 1906.

Nínú ìwé náà, àwọn ọmọ mẹ́rin, Cyril, Anthea, Robert àti Jane, ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dọ̀ olùtọ́jú wọn, nítorí pé bàbá wọn lọ kọ ìròyìn ogun ní Manchuria, ìyá wọn sì ń ṣàìsàn ní erékùṣù Madeira. Wọ́n rí iwin inú iyanrìn kan tí wọ́n ti mọ̀ rí, nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹran ọ̀sìn. Iwin náà ni ó fi ìlàjì oǹdè àtijọ́ kan hàn wọ́n. Bí wọ́n bá rí ìlàjì rẹ̀ kejì, ohun tí ọkàn wọn ń fẹ́ jù lọ yóò ṣẹ: àwọn òbí wọn yóò padà wá sí ilé. Ṣùgbọ́n ìlàjì kejì ti sọnù, àyàfi ní ayé àtijọ́. Nítorí náà wọn yóò gbé oǹdè náà sókè, wọn yóò pe ọ̀rọ̀ agbára tí a kọ sí i lára, oǹdè náà yóò sì gbòòrò títí yóò fi di ẹnu ọ̀nà gíga. Ní ìhà ìhín ẹnu ọ̀nà náà ni Lọ́ńdọ̀nù wà. Ní ìhà ọ̀hún ni Íjíbítì ti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ọdún sẹ́yìn wà, níbi tí àwọn ará abúlé ti fi igi ẹlẹ́gùn-ún ṣe ọgbà yí ilé wọn ká nítorí ọ̀tá.

Lẹ́yìn Íjíbítì wọ́n dé Bábílónì, wọ́n sì dé etí òkun ilẹ̀ Gọ́ọ̀lù, níbi tí Késárì ará Róòmù ti dúró tí ó ń wo òkèèrè, tí ó ń rò ó bóyá kí òun rékọjá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí kí òun má lọ. Ọmọdé tí ó bá ka orí náà kò tún ní gbàgbé pé Késárì gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ náà ní ọdún 55 ṣáájú ìbí Kristi, nítorí pé ó ti bá àwọn ọmọ mẹ́rin náà dúró lórí iyanrìn, ó sì ti gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ilẹ̀ náà fún ajagun tí ó fẹ́ gbà á.

Nesbit kò fi orí lásán kọ ìwé yìí. Ó tọ ọ̀mọ̀wé kan lọ ní British Museum, ilé ńlá tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé pamọ́ sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Wallis Budge ni orúkọ ọ̀mọ̀wé náà, ó sì jẹ́ ògbóǹtagí nínú ọ̀rọ̀ Íjíbítì àti Bábílónì àtijọ́. Ó ràn án lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Nesbit fi fi ìwé náà dá a lọ́lá. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀: ìyanu ni ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́.

Nígbà Tí Ayé Àtijọ́ Bá Bojú Wo Ayé Òde Òní

Nínú ìwé kan náà, Ayaba Bábílónì wá kí àwọn ọmọ náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ó ti ń wo àwọn òṣìṣẹ́ ní òpópónà, ó ṣàkíyèsí pé wọ́n gbẹ, wọ́n sì rí jákujàku, ó sì béèrè ìdí rẹ̀ tí wọn kò fi ń tọ́jú àwọn ẹrú wọn dáradára. Àwọn ọmọ náà dáhùn pé wọn kì í ṣe ẹrú, òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Ayaba kò gbà. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé àwọn ènìyàn náà ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, ó béèrè bóyá irú oògùn kan ni ìbò jẹ́. Nesbit wà lára àwọn tí ó dá Ẹgbẹ́ Fabian sílẹ̀ ní ọdún 1884, ẹgbẹ́ tí ń wá àtúnṣe sí ìyà àwọn tálákà, èyí sì hàn gbangba nínú ìtàn rẹ̀. Ọmọ tí ó rò pé òun lọ wo Bábílónì rí i pé Bábílónì ni ó wá wo òun.

Ayaba náà tún dé British Museum. Ó rí ohun ọ̀ṣọ́ ilé rẹ̀ nínú àpótí onígíláàsì, ó sì ní kí wọ́n dá ohun òun padà fún òun. Apá yìí pa àwọn òǹkàwé lẹ́rìn-ín ní ọdún 1906, ṣùgbọ́n òǹkàwé Yorùbá kò ní ṣàì ronú sí i. Ní ọdún 1938, nígbà tí wọ́n ń wa ilẹ̀ láti kọ́lé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n hú àwọn orí idẹ tí àwọn baba ńlá ṣe. Púpọ̀ nínú wọn wà ní ilé, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn dé British Museum, ibẹ̀ ni ó sì wà. Ìbéèrè tí ayaba inú ìwé ọmọdé béèrè ni àwọn orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń béèrè lónìí: ta ni ó ni ohun tí àwọn òkú fi sílẹ̀? Ìtàn tí ó dára máa ń fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sí ọkàn ọmọdé láì wàásù fún un.

Ọ̀nà Kejì: Àwọn Òkú Ni Ó Wá

Ní ọdún 1906 kan náà ni Rudyard Kipling gbé Puck of Pook's Hill jáde. Ọ̀nà tí ó gbà yàtọ̀. Àwọn ọmọ méjì, Dan àti Una, ń ṣe eré ìtàgé lórí pápá ní abúlé wọn ní Sussex. Wọ́n ṣe eré náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta léraléra láì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn, iwin àtijọ́ kan sì yọ sí wọn. Dan àti Una kò lọ sí ibi kankan. Iwin náà ni ó ń mú àwọn ará ìgbàanì wá bá wọn: olórí ọmọ ogun Róòmù tí ó ṣọ́ odi ńlá ní àríwá, jagunjagun Normandy tí ó bá olúwa rẹ̀ wá gba ilẹ̀, àti Júù kan tí ó sọ bí owó ti ṣe nínú ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn ńlá ti ọdún 1215, èyí tí wọ́n ń pè ní Magna Carta.

Ohun tí Kipling ń kọ́ ọmọdé ni pé ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀ lójoojúmọ́ kún fún ìtàn. Odò kékeré tí ọmọ ti ń pẹja, ẹlòmíràn ti pẹja níbẹ̀ rí. Òkè tí ó ń sáré lórí rẹ̀, àwọn ọmọ ogun ti gbà á kọjá. Kò sí abúlé tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní ìtàn. Ẹni tí yóò sọ ọ́ ni ó máa ń ṣọ̀wọ́n.

Mímọ̀ Láì Lè Ṣàtúnṣe

Alison Uttley ni ó kọ ìtàn tí ó kan Anthony Babington tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. A Traveller in Time ni orúkọ ìwé náà, ó sì jáde ní ọdún 1939. Ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Penelope kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù lọ bá àwọn ìbátan ìyá rẹ̀ ní oko kan ní Derbyshire. Kò lo oǹdè, kò sì gun ẹ̀rọ. Ó kàn ṣí ilẹ̀kùn kan nínú ilé àtijọ́ náà ni, ó sì bá ara rẹ̀ láàárín àwọn tí ó gbé ilé náà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ìdílé Babington ni wọ́n. Wọ́n ń gbìmọ̀ láti gba Mary, Ọbabìnrin ilẹ̀ Scotland, sílẹ̀ kúrò nínú àtìmọ́lé.

Penelope ti ka ìwé ìtàn. Ó mọ̀ pé ìmọ̀ náà kò ní yọrí sí rere. Ó mọ̀ pé wọn yóò pa Anthony ní ọdún 1586, wọn yóò sì bẹ́ orí Mary ní ọdún 1587. Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ó ń bá wọn ṣiṣẹ́ nínú ilé ìdáná, ó sì fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n kò lè gbà wọ́n. Nígbà tí ó bá sọ fún wọn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè yí ohunkóhun padà.

Nínú èyí ni ìwé náà ti ṣe ohun tí ìwé ẹ̀kọ́ kì í sábà lè ṣe. Àwa tí a dé lẹ́yìn a máa rò pé òmùgọ̀ ni àwọn tí ó ṣáájú, nítorí pé a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn já sí. Ọmọ tí ó bá ti dúró pẹ̀lú Penelope yóò mọ̀ pé àwọn ènìyàn náà kò rí ọjọ́ ọ̀la wọn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà kò ti rí tiwa. Wọ́n yan ohun tí wọ́n yàn pẹ̀lú ìmọ̀ díẹ̀ àti ìrètí púpọ̀. Ọmọ tí ó bá mọ èyí yóò ti kúrò ní ẹni tí ń há ìtàn sórí, yóò ti di ẹni tí ìtàn yé.

Ìyá Àgbà Tí Ó Wà Lókè

Nínú gbogbo ìwé irú èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé èyí tí Philippa Pearce kọ ni ó dùn jù. Tom's Midnight Garden jáde ní ọdún 1958, ó sì gba ẹ̀bùn Carnegie, èyí tí wọ́n máa ń fún ìwé ọmọdé tí ó tayọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọọdún. Wọ́n rán Tom lọ sí ọ̀dọ̀ ìbátan nítorí pé èépá ń ṣe ẹ̀gbọ́n àbí àbúrò rẹ̀ Peter ní ilé, wọn kò sì fẹ́ kí ó ràn án. Inú ilé ńlá kan tí wọ́n ti pín sí yàrá yàrá fún àwọn ayálégbé ni ó dé sí. Kò sí ọgbà, kò sí ẹni tí yóò bá a ṣeré. Ní òru ọjọ́ kan, agogo ńlá tí ó dúró ní gbọ̀ngàn ilé náà lu ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlá. Tom sọ̀kalẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sì rí ọgbà ńlá tí ó kún fún igi àti òdòdó, níbi tí ó jẹ́ pé àwọn agolo ìdọ̀tí ni ó wà ní ọ̀sán.

Nínú ọgbà náà ni ó ti pàdé ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Hatty, ọmọ òrukàn tí ìbátan kan ń tọ́ láì fẹ́ràn rẹ̀. Tom fẹ́ mọ ìgbà tí Hatty gbé ayé. Nítorí náà ó lọ sí ìdí ìwé, ó ń wá irú aṣọ tí àwọn ènìyàn ń wọ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, kí ó lè fi ti Hatty wé e. Kò sí olùkọ́ tí ó ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ ọ̀rẹ́ ni ó lé e dé ìdí ìwé. Hatty sì fi bàtà onírin tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí omi dídì pamọ́ sí abẹ́ pákó ilẹ̀ yàrá rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ní ayé tirẹ̀, Tom ṣí pákó náà, ó sì bá bàtà náà níbẹ̀.

Ní ìparí ìwé náà ni ìdí ọ̀rọ̀ hàn. Obìnrin arúgbó kan wà ní òkè ilé náà, òun ni ó ni ilé, òun ni ó sì ń ka agogo náà. Tom kò fi ojú kan án rí, kò sì bìkítà láti mọ̀ ọ́n. Òun ni Hatty. Ọgbà tí Tom ń rìn nínú rẹ̀ ní òru jẹ́ ọgbà ìgbà èwe tí ìyá àgbà náà ń lá àlá rẹ̀. Nígbà tí Tom fẹ́ lọ sí ilé, ó sáré padà gun àtẹ̀gùn, ó sì dì mọ́ arúgbó náà bí ẹni pé ọmọdé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ọmọ tí ó bá ka èyí kò ní tún wo àgbàlagbà kankan bí ẹni tí a bí pẹ̀lú ewú lórí.

Nígbà Tí Ìtàn Jẹ́ Ìbànújẹ́

Kì í ṣe gbogbo ayé àtijọ́ ni ó jẹ́ ọgbà òdòdó. Ní ọdún 1982, Belinda Hurmence ará Amẹ́ríkà kọ A Girl Called Boy. Ọmọbìnrin adúláwọ̀ kan nínú rẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rò pé bí ó bá jẹ́ òun ni, òun kì bá ti gbà. Ẹyẹ kékeré kan tí wọ́n fi òkúta gbẹ́, tí ó jẹ́ ohun ìní ìdílé rẹ̀, gbé e padà sí North Carolina ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, níbi tí wọ́n ti kà á sí ẹrú tí ó sá. Níbẹ̀ ni ó ti mọ̀ pé ó gba ọgbọ́n àti ìgboyà púpọ̀ kí ènìyàn tó lè wà láàyè nínú ìsìnrú. Hurmence ti ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rí tí àwọn tí ó ti ṣe ẹrú rí fi ẹnu ara wọn sọ, ó sì kó lára wọn jọ sínú ìwé mìíràn. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tí wọ́n kó rékọjá òkun.

Ní ọdún 1988, Jane Yolen kọ The Devil's Arithmetic. Hannah, ọmọ Júù ní Amẹ́ríkà, ti sú gbígbọ́ ìrántí ìyà tí àwọn àgbà ìdílé rẹ̀ jẹ. Ní alẹ́ àjọ Ìrékọjá, wọ́n ní kí ó ṣí ilẹ̀kùn fún wòlíì Èlíjà gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Bí ó ti ṣí i, ó bá ara rẹ̀ ní ilẹ̀ Pólàǹdì ní ọdún 1942, láàárín àwọn tí ìjọba Násì ilẹ̀ Jámánì fẹ́ kó lọ sí àgọ́ ikú. Nínú ogun náà, nǹkan bí 6,000,000 Júù ni wọ́n pa. Ènìyàn kò lè fi ojú inú rí 6,000,000, ṣùgbọ́n ó lè rí ọmọbìnrin kan tí wọ́n fín nọ́ńbà sí lápá. Irú ìwé báyìí kò yẹ fún ọmọ kékeré gan-an. Ó yẹ kí àgbàlagbà wà nítòsí láti dáhùn ìbéèrè.

Ohun Tí Ó Mú Kí Ìtàn Náà Ṣiṣẹ́

Bí a bá gbé àwọn ìwé wọ̀nyí yẹ̀ wò, a ó rí i pé ohun márùn-ún ni ó pa wọ́n pọ̀.

Èkínní ni ẹnu ọ̀nà. Oǹdè ni, tàbí agogo, tàbí ilẹ̀kùn, tàbí ẹyẹ òkúta. Ó sábà máa ń jẹ́ ohun àtijọ́ tí ó ṣì wà lónìí, kí ọmọdé lè mọ̀ pé ayé àtijọ́ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láàárín wa.

Èkejì ni ọmọ náà fúnra rẹ̀. Kò mọ nǹkan kan nípa ibi tí ó dé, nítorí náà ohun tí òǹkàwé fẹ́ béèrè ni òun náà ń béèrè. Àlàyé tí ìbá jẹ́ ẹrù wíwúwo nínú ìwé ẹ̀kọ́ di ìdáhùn sí ìbéèrè ẹni tí ebi ń pa tí kò sì mọ bí wọ́n ti ń béèrè oúnjẹ.

Ẹ̀kẹta ni àwọn ohun kéékèèké: oúnjẹ, aṣọ, òórùn, iná tí wọ́n fi ń ríran lóru, ibi tí wọ́n ń sùn. Ìwé ẹ̀kọ́ máa ń sọ̀rọ̀ ọba àti ogun. Ìtàn yìí máa ń sọ ohun tí ọmọ ọdún mẹ́wàá jẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ogun.

Ẹ̀kẹrin ni òfin. Ó gbọ́dọ̀ ní ohun tí arìnrìn-àjò náà kò lè ṣe. Bí ó bá lè tún ohun gbogbo ṣe, ìtàn kò ní í lóró mọ́, ọmọdé yóò sì rò pé ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ṣeé parẹ́.

Ẹ̀karùn-ún ni ìpadàbọ̀. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ padà sí ilé, kí ó sì fi ojú tuntun wo ohun tí ó ti ń wò láti ọjọ́ pípẹ́.

Ibi Tí Ó Yẹ Kí A Ti Ṣọ́ra

Ìtàn àròsọ kì í ṣe ẹ̀rí. Òǹkọ̀wé lè ṣi ọjọ́ mú, ó lè fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu ẹni tí kò sọ ọ́. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo òǹkọ̀wé ni ó ń fi ojú ìgbà tirẹ̀ wo ìgbà àtijọ́. Kipling, bí àpẹẹrẹ, gbà pé ó dára kí ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì máa ṣàkóso àwọn ẹlòmíràn, ìgbàgbọ́ yìí sì hàn nínú ọ̀nà tí ó gbà yin àwọn ajagun Róòmù. Ẹni tí ó bá ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé kò ní láti jù ú nù. Kí ó kàn béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà pé, báwo ni àwọn tí wọ́n gba ilẹ̀ wọn yóò ti sọ ìtàn kan náà?

Mary Pope Osborne, òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà, rí ọgbọ́n kan ta sí i. Láti ọdún 1992 ni ó ti ń kọ ọ̀wọ́ ìwé Magic Tree House fún àwọn ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà. Jack àti àbúrò rẹ̀ Annie rí ilé kékeré kan lórí igi, ó kún fún ìwé. Bí wọ́n bá fi ìka tọ́ àwòrán inú ìwé kan, tí wọ́n sì ní àwọn fẹ́ lọ síbẹ̀, ilé náà yóò gbé wọn lọ. Jack máa ń kọ ohun tí ó bá rí sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé mìíràn jáde tí ó bá àwọn ìtàn náà rìn, tí ó jẹ́ pé òtítọ́ nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Ọmọ yóò ka ìtàn tán, yóò sì rí ibi tí òtítọ́ ti pínyà pẹ̀lú àròsọ.

Ọ̀rọ̀ Tí Ó Kan Ilé

Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa nílò irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gidigidi. Láti sáà ẹ̀kọ́ ọdún 2009 sí 2010 ni wọ́n ti yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tí ó dá dúró ní àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ní ìsọ̀rí ìsàlẹ̀ ilé ìwé girama ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìpadàbọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà láàárín ọdún wọ̀nyí tí wọ́n ka ìwé dé ibi gíga láì mọ bí ìlú wọn ti tẹ̀dó. Bí ìtàn bá sì padà wá sí ilé ìwé gẹ́gẹ́ bí iye ọdún lásán, wọn yóò tún sá fún un.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan tí olùkọ́ tàbí òbí lè lò. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó ìlú Òṣogùn, wọ́n sì mú ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí, tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá. Wọ́n tà á láti ọwọ́ kan sí òmíràn títí ó fi dé Èkó àti inú ọkọ̀ ẹrú. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì sọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kalẹ̀ ní Sàró. Àjàyí yìí ni ó di Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Ní ọdún 1837 ó kọ lẹ́tà tí ó fi sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, nítorí náà ẹ̀rí wà nílẹ̀.

Kí ẹni tí ń sọ ìtàn wá mú ọmọ òde òní kan lọ sí Òṣogùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Kí ni yóò bá níbẹ̀? Owó ẹyọ ni wọn yóò fi ra ẹ̀kọ, kì í ṣe owó bébà. Kò sí oko kòkó, nítorí kòkó kò tíì dé ilẹ̀ yìí. Bí ó bá béèrè ọ̀nà Abẹ́òkúta, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n, nítorí ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ ìlú náà dó. Bí ó bá béèrè ìlú ńlá Ìbàdàn tí ó mọ̀, kò tíì sí; lẹ́yìn ogun Òwu ni àwọn ọmọ ogun jókòó síbẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1829. Ọmọ náà yóò mọ̀ pé ìyá Àjàyí àti ọmọ rẹ̀ yóò pínyà, yóò sì tún mọ̀ pé wọn yóò padà rí ara wọn ní Abẹ́òkúta, ìlú tí kò tíì sí, ní ọdún 1846. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ó wà láàárín. Ṣé kí ó sọ fún ìyá náà? Bí ó bá sọ ọ́, ta ni yóò gbà á gbọ́?

Kò sí ọmọ tí yóò sùn nígbà tí a bá béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìtàn bá parí, kí a ní kí àwọn ọmọ pín in sí ọ̀nà méjì: èwo ni ẹ̀rí wà fún, èwo sì ni olùsọ̀tàn fi kún un? Iṣẹ́ òpìtàn gan-an ni wọ́n ń kọ́ nígbà náà.

Àwọn baba wa wí pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn. Ṣùgbọ́n àrọ́bá kì í gbé inú afẹ́fẹ́. Ẹnu ènìyàn ni ó ń gbé. Tom inú ìwé gbé ilé kan pẹ̀lú ìyá àgbà náà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láì mọ̀ pé òun gan-an ni ọgbà tí ó ń wá. Ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, irú ìyá bẹ́ẹ̀ wà lórí àpótí níwájú ilé, bàbá bẹ́ẹ̀ sì wà ní abẹ́ òdòdó, tí wọ́n mọ ibi tí ọjà àtijọ́ wà, ìdí tí wọ́n fi sọ adúgbò ní orúkọ tí ó ń jẹ́, àti oúnjẹ tí wọ́n jẹ ní ọjọ́ tí ilé ìwé àkọ́kọ́ ṣí ní ìlú. Ẹnu ọ̀nà tí kò gba oǹdè tàbí ẹ̀rọ ni wọ́n jẹ́. Kí òbí rán ọmọ rẹ̀ lọ jókòó tì wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ òní, kí ọmọ náà mú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́, kí ó sì béèrè pé: Màmá, nígbà tí ẹ wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, báwo ni ibí yìí ti rí?